Tẹ̀tẹ̀ Tí A Ń Fi Ojú Jẹ

Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé Láògún ní Mọ́kọ́lá kò ju ẹní méjì lọ, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ọgbà ìgbafẹ́ ni òun yóò fi ṣe. Ó to òkúta yí i ká, ó gbé àga kan síbẹ̀, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ pupa ní ìlà gbọọrọ. Ó kìlọ̀ fún Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé, "Èyí kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ojú ni a ó máa fi jẹ ẹ́."

Kò pẹ́ tí tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Láògún rí ewúrẹ́ Ìyá Gbọ́lágadé, aládùúgbò rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó so ó mọ́ òpó iwájú ilé, ó ní ó di ojú ìpàdé àwọn onílé kí òun tó tú u.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Gbọ́lágadé wá bẹ̀bẹ̀. Ó bá Láògún nínú ọgbà, ó ń fi ẹ̀fọ́ jẹ iyán.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, oyún wà nínú ewúrẹ́ mi."

"Olè ni. Ẹ wò ó, ó tún jẹ ìlà kan láàárọ̀ yìí."

"Pẹ̀lú okùn lọ́rùn?" Obìnrin náà yọjú sí àwo rẹ̀. "Ẹ̀fọ́ wo nìyẹn?"

Láògún wo àwo, ó wo Àṣàkẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojoojúmọ́ lẹ ń yin ọbẹ̀ mi," ni Àṣàkẹ́ wí. "Níbo lẹ rò pé mo ti ń já ẹ̀fọ́?"

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni Ìyá Gbọ́lágadé wí. "Ẹ tú ewúrẹ́ mi, kí ẹ wá so ara yín mọ́ òpó yẹn."

 Láògún lọ tú okùn náà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ jẹ òkèlè tó kù tán.