Igi Òdòdó Ọyẹ́ Tí Àwẹ̀ró Kò Tọrọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ọyẹ́ ti gan yín lẹ́nu ni?" Màmá àgbà bi àwọn ọmọ. "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

"Ẹ̀hẹ́n! Àlọ́ mi rọra rìn, ó rìn títí dé ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró."

Ní ìgbà kan rí, Àwẹ̀ró bí ọmọ kan ṣoṣo, Àrìnpé. Àwẹ̀ró fẹ́ràn òdòdó gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo òdòdó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á kú fin.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kan ń parí lọ, ó rí igi kúkúrú kan nínú igbó. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń ta sánsán. Ló bá ń hú u.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọrí lókè. "Ìyá Àrìnpé, o ò kágò? Ilé onílé nìyẹn o!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́! Ta ló ń kágò fún igi?"

"Màmá àgbà, ilé ta ni?" Dúródọlá já lu ọ̀rọ̀.

"Dúródọlá, ní sùúrù. Òun náà ò bèèrè."

Ó gbin igi náà sílé. Òjò dé, òjò lọ, ewé nìkan ló ń yọ. Kò sẹ́ni tó wá a wá.

Ọyẹ́ tún dé. Òdòdó tú, òórùn rẹ̀ gba ilé, ó gba ìgboro, ó wọ inú igbó lọ. Àwẹ̀ró ń jó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ orin nínú kùrukùru:

"Ta ló gbélé mi lọ o?"

"Òórùn ń júwe!"

"Mo tẹ̀lé e, mò ń bọ̀ o."

"Òórùn ń júwe!"

Lọ́jọ́ kejì orin dé ìdí ọgbà. Àwẹ̀ró sáré dé ìdí igi náà. Ó fẹ́ dá igi náà padà, ṣùgbọ́n òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ni. "Ó di ọ̀la," ló wí.

Lọ́jọ́ kẹta, kò gbọ́ orin mọ́. "Ó ti lọ. Àrìnpé, lọ bomi rin òdòdó."

"Má lọ o, Àrìnpé!" àwọn ọmọ pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́n."

Ọmọ wọ inú kùrukùru. Igbá omi fọ́. Àwẹ̀ró sáré jáde. Òjòlá ti wé mọ́ ọmọ rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé ọrùn.

"O gbé ilé mi láìtọrọ," Òjòlá wí. "Èmi náà á gbé ọmọ rẹ láìtọrọ."

"Yéè! Mo gbé! Dákun, màá dá igi rẹ padà!"

Àwẹ̀ró fi èékánná walẹ̀ ọyẹ́ tó le bí òkúta, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé igi rù, ó ń sunkún lọ sínú igbó, Òjòlá ń wọ́ ọmọ tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ojú ihò tó ti hú igi náà, ó wólẹ̀.

"Àgò o! Àgò onílé o!"

Ojú Àrìnpé ti ń yí.

"Àgò yà," Òjòlá dáhùn. Ó tú ọmọ sílẹ̀.

Àrìnpé yè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, ara ọmọ náà a máa ta sánsán bí òdòdó yẹn. Àwẹ̀ró a tilẹ̀kùn mọ́ ọn, a máa tẹ́tí bóyá orin Òjòlá tún ń bọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ohun olóhun, ẹ tọrọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú un. Àgò kì í wúwo lẹ́nu. Ibí ni àlọ́ mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí. Bí mo bá parọ́, kí n sín kó má ró. Bí n ò bá parọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta."

Màmá àgbà sín lẹ́ẹ̀kan. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ di ara wọn mú títí ẹlẹ́ẹ̀kẹta fi ró.