Ààlà Tó Sún ní Òkè Alágbọ̀n

Ilẹ̀ ò lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ń rìn. Òkè ò lẹ́nu, òkè ń fọhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún Akínlúà, ọkùnrin Òkè Alágbọ̀n, nígbà tí ọ̀rọ̀ ààlà kò jẹ́ kí òkèlè lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dà á láàmú nìyí. Pèrègún mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ gbìn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kó tó kú. Ilẹ̀ tó wà lókè pèrègún jẹ́ ti Fágbùyì, ọmọ orogún ìyá Akínlúà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti Akínlúà, ibẹ̀ ló sì kọ́lé sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pèrègún ààlà kì í ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń fọwọ́ kàn. Àmọ́ nígbà tí òjò ọdún yẹn dá, Akínlúà fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó rí i pé pèrègún àárín ti sún wálẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méje. Inú oko tirẹ̀ ló wà báyìí. Ta ló tún lè ṣe é bí kò ṣe ọmọ orogún?

Òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Ẹfúnpọ̀rọyè lọ, arúgbó obìnrin tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún.

"Ìyá, ẹ bá mi wo ẹni tó ń jí ilẹ̀ mi. Mo mọ̀ ọ́n o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ dárúkọ rẹ̀ ni."

Háà! Ẹni tó ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè, kí ló wá ṣe lọ́dọ̀ awo? Ẹfúnpọ̀rọyè kò bá a jiyàn. Ó da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó títí.

"Ibi tí pèrègún yẹn wà tẹ́lẹ̀, ǹjẹ́ o rí ihò tí wọ́n ti hú u?"

"Kò sí ihò, ìyá."

"Ilẹ̀kùn ilé rẹ ńkọ́?"

"Kò ṣeé pa dé mọ́. Ògiri ti lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ri nǹkan mọ́ ibẹ̀."

"Ìsun omi ẹ̀yìnkùlé?"

Ìbídùn ló dáhùn ìyẹn. "Ó ti pọ́n, ìyá. Ó nípọn bí ẹ̀kọ mímu."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Akínlúà, ẹnikẹ́ni ò hú pèrègún rẹ. Ilẹ̀ ló ń gbé e bọ̀. O gé gbogbo igi ara òkè torí àtigbin iṣu, o sì gbẹ́ ìdí òkè torí àtirí amọ̀ mọlé. Òkè tí a gbẹ́ nídìí, kí ni kó fi dúró? Eyelé méjì àti ìgbín mẹ́rin lẹbọ rẹ. Má ṣe gbẹ́ ìdí òkè mọ́. Gbin igi dípò èyí tí o gé. Kí ìwọ àti àbúrò rẹ gbẹ́ ojú àgbàrá sí òkè ààlà, kí omi lè bá ẹ̀gbẹ́ lọ sí àfonífojì. Bí ọ̀wààrà òjò bá sì dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé inú ilé yẹn títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ."

Akínlúà kó eyelé àti ìgbín kalẹ̀ fún ẹbọ. Ìyẹn ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àmọ́ wọn ò tíì dé ilé tó fi bẹ̀rẹ̀. "Kí ló dé tó fi ní kí n jáde nílé mi? Ta ni yóò wọ̀ ọ́ bí mo bá jáde? Ṣebí ìyàwó Fágbùyì ló ń bá arúgbó yẹn ṣẹ́gi? Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun!"

Ó hú pèrègún náà, ó dá a padà sókè, ó so àálè mọ́ ọn: àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti àkúfọ́ igbá. Ó jókòó tì í tàdátàdá tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ mẹ́jọ. Kò rí ẹnì kan, síbẹ̀ pèrègún sún. Ẹlòmíràn ìbá ronú. Akínlúà ní Fágbùyì ti lo àféèrí.

Fágbùyì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àmọ́ nígbà tí Ìbídùn sọ ọ̀rọ̀ awo fún un, ọkọ́ ló gbé. Ó gbẹ́ ojú àgbàrá láti òkè ààlà gba etí ilẹ̀ Akínlúà lọ sí àfonífojì, ó gbin ọparun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì fàdá kan igi kan lórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Akínlúà dé, ó bú sígbe. "Ààlà tuntun lo ń gbẹ́ yẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ni mo ń ṣe ọ̀nà fún."

"Omi wo? Ojú mi là!"

Ọjọ́ ọjà ni Fágbùyì kò sí nílé. Akínlúà kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀, ó dí ojú àgbàrá pa níbi tó ti kan ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni omi ti ń dúró lókè, tó ń wọnú ilẹ̀ lọ.

Ọ̀wààrà òjò dé. Ìbídùn kúnlẹ̀. "Bàbá Àlàbá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ọkọ rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa lọ. Ìbídùn dìde, ó kó àwọn ọmọ, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Akínlúà ní ìyàwó òun náà ti bá wọn gbìmọ̀. Ìyá Akínlúà, tó ń bá wọn gbé, nìkan ló kù. Ìyá yẹn ní, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò sunṣu fún ọmọ mi?" Inú Akínlúà dùn. Ó ní ìyá ẹni ni ìyá ẹni.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Akínlúà fi ìyá rẹ̀ sídìí ààrò, ó gòkè lọ wo pèrègún rẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fò, ó di gbòǹgbò igi Fágbùyì mú. Òkè já. Iṣu, òkúta, pèrègún, gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ sísàlẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì bo ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀.

Fágbùyì ló kọ́kọ́ kan ọkọ́ mọ́lẹ̀, kí ìlú tó dé. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó kan òkú ìyá náà. Ìdí ààrò náà ló wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akínlúà padà sọ́dọ̀ Ẹfúnpọ̀rọyè. Ó wólẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Ìyá, kí ni kí n rú báyìí?"

Arúgbó náà kò fọwọ́ kan owó ẹyọ. "Ẹbọ tó yẹ kí o rú torí ìyá rẹ, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Òjò ṣì kù lójú ọ̀run, ilẹ̀ tó kù lókè náà ń mumi. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń bẹ nísàlẹ̀. Lọ ṣí omi tí o dí."

Ó lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kó òkúta yẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún kíkan, ojú sì ń tì í, torí gbogbo ìlú ń wò ó.

Bí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ awo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n ò bù mọ́ ọn. Fágbùyì gbọ́ ẹbọ, ó rú u, oko rẹ̀ dúró, iṣu rẹ̀ sì ta. Ìbídùn gbọ́ ẹbọ, ó rú u, àwọn ọmọ rẹ̀ pé. Akínlúà rú ti ìgbín àti eyelé, ó kọ ti ọkọ́, ó pe awo ní ọ̀tá. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí òjò bá ti ṣú, kì í lè jókòó sínú ilé.