Ọwọ́ Tí Eṣinṣin Kò Fọ̀

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ní fọwọ́ díẹ̀ ná? Omi wà nínú igbá lẹ́nu ọ̀nà."

"Àkèré, èmi lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò ó pé ọ̀nà jìn ni."

"Ọwọ́ yìí ló sọ ìwọ náà lórúkọ. Ṣé o kú ni? Gbé ọmọ wá, oòrùn ti ń mú."

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń sọ ọmọ lórúkọ, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Eṣinṣin, Ìyá Àgbà ìlú. Ẹ̀ẹ̀meje ló ń fọ̀ ọ́ lójúmọ́. Nítorí náà ni ìlú ṣe fi í ṣe ẹni tí yóò ti ìka bọ omi, tí yóò fi kan ètè ọmọ tuntun, tí yóò sì wí pé, "Omi kò lọ́tàá."

Ọ̀dá mú lọ́dún náà. Láti ìdájí ni Àkèré ti ń rìn kó tó rí omi igbá méjì: ọ̀kan fún ọwọ́ àlejò, ọ̀kan fún ètè ọmọ. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí tí wọn kò dúró. Èyí ni ẹ̀kẹrin.

Bí Eṣinṣin ṣe sún mọ́ ọn, òórùn kan gba imú Àkèré kọjá. Ó la ẹnu. Gbogbo àgbà ìlú ń wò ó. Ta ni yóò sọ fún àgbà láàárín àwùjọ pé ọwọ́ rẹ̀ ń rùn? Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé ọmọ fún un.

"Omi kò lọ́tàá," ni Eṣinṣin wí bí ó ti ń fi ìka kan ètè ọmọ. "Omíyalé lorúkọ rẹ̀."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Nígbà tí àgbà kò sì fọwọ́, àlejò kankan kò fọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru mú Omíyalé. Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Àkèré ń kán omi tí àwọn àlejò kò lò sí i lẹ́nu, omi náà ń jáde. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kú.

Eṣinṣin wá bá a kẹ́dùn. "Mọ́kàn le, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Ta ló da omi náà nù, mà?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Níbo lẹ gbà wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

"Ẹ̀yìn ilé Ajá. Àbùjá ni."

"Ajá tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, tí kò lè rìn dé ṣáláńgá. Ẹ bà lé nǹkan kan níbẹ̀?"

Eṣinṣin wo ilẹ̀. "Mo kàn sinmi díẹ̀ ni. Ìdọ̀tí kì í pa ẹranko."

"Ó pa Omíyalé."

Eṣinṣin wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan ra èkejì. "Bu omi díẹ̀ fún mi, kí n fọ̀ ọ́."

"Mo bu omi sílẹ̀ fún yín, Ìyá Àgbà. Mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ń rùn. Mo bọ̀wọ̀ fún yín ju ọmọ mi lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ti gbà á."

Àkèré ká ẹní rẹ̀. Etí odò ló ń lọ, kó lè máa ṣọ́ omi náà kí ọwọ́ ìdọ̀tí má bàa kàn án.

Láti ọjọ́ náà ni Eṣinṣin ti ń fi ọwọ́ gbígbẹ ra ọwọ́ gbígbẹ, lórí oúnjẹ, lórí egbò, lórí ètè ọmọ tó sùn, tí ọwọ́ náà kò sì mọ́. Kò jẹ́ lọ fọ̀ ọ́ lódò, nítorí ó mọ ohun tí ahọ́n Àkèré lè ṣe, ó sì gbọ́ ohun tí Àkèré sọ nígbà tó ń jáde lọ.

"Àkèré, wò ó," ni Eṣinṣin ń pè é lẹ́yìn lọ́jọ́ náà, "ó ti mọ́."

Àkèré kò wẹ̀yìn. "Ẹ gbé e wá sétí odò, Ìyá Àgbà. Ibẹ̀ ni màá ti yẹ̀ ẹ́ wò."