Ìkọ́ Tí Ògúnbọ̀dé Rọ fún Olúpáàrà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ̀yin aláya, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tí ẹ fọkàn tán. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó ń jẹ̀pà dáwọ́ dúró, nítorí ìyanu tí mo fẹ́ sọ lónìí pọ̀, ìbànújẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ògúnbọ̀dé, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, ọkọ Àwẹ̀ró, a-tẹ-irin-bí-ẹni-tẹ-ewé, ni Olúpáàrà jí aya rẹ̀ gbé nígbà tí obìnrin náà lọ ṣẹ́gi. Olúpáàrà yìí ni iwin tó jọba lórí gbogbo irin tí ọmọ aráyé ti jù nù. Ògúnbọ̀dé ké sí Láṣebìkan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń bá a fi ẹwìrì fínná láti kékeré, wọ́n sì gbéra. Wọ́n la odò tí omi rẹ̀ pupa bí epo, wọ́n kọjá láàárín òkìtì ọkọ́ kíkán tó ń sunkún bí opó, wọ́n bá ejò onírin jà títí wọ́n fi dè é mọ́ ìdí ìrókò, kí wọ́n tó dé ààfin iwin náà.

Olúpáàrà wí pé: "Ògúnbọ̀dé, ààfin mi kò lọ́ṣọ̀ọ́. Rọ ìkọ́ kan fún mi nínú òkú irin wọ̀nyí, kó lẹ́wà, kó sì lágbára. N ó gbé agbọ̀n tí aya rẹ wà nínú rẹ̀ kọ́ sára ìkọ́ náà lórí ọ̀gbun mi. Bí ìkọ́ náà bá gbé e dúró, mú aya rẹ lọ. Bó bá ṣẹ́, ọ̀gbun ló ni ín."

"Mo gbà, Kábíyèsí."

Ògúnbọ̀dé ṣa sípíríǹ, irin tó máa ń gbé ara ọkọ̀ ró, lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti gbó. Láṣebìkan ń fínná, òun ń lù. Ó lọ́ ọrùn rẹ̀ bí okùn, ó ká ìdí rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín, ó fi orí àkàlàmàgbò sí i, títí Olúpáàrà fúnra rẹ̀ fi pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ o: irin sípíríǹ tó bá pọ́n nínú iná, inú eérú gbígbóná la ń rì í sí kó lè rọra tutù. Bí a bá tì í bọ omi tútù, á le, ṣùgbọ́n á máa ṣẹ́ bí ìkòkò. Láṣebìkan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń fínná sì ni láti mú irin tutù. Bí Ògúnbọ̀dé ti yíjú láti bọ́jú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ìkọ́ náà bọ omi tútù, ó sì wa eérú bò ó bíi pé inú eérú ló ti tutù.

Nígbà tó gbé e fún Ògúnbọ̀dé, ọkùnrin náà gbé òòlù sókè kó kàn án gbọ́ bó ṣe ń dún, kó lè mọ̀ bóyá ó lè ṣẹ́, ó sì tún gbé òòlù sílẹ̀. Láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ, ẹni tó bá kan irin tí ẹnìkejì rẹ̀ mú tutù wò, olè ló pè é. Ojú ọ̀rẹ́ ló ń wò! Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Wọ́n gbé agbọ̀n kọ́. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀. Káún! Ìkọ́ ṣẹ́. Ògúnbọ̀dé fò dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀gbun, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba ààbọ̀ ìkọ́ tó kù lára agbọ̀n mú. Irin ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí kan egungun, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi fa aya rẹ̀ sókè.

Olúpáàrà wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. "Omi tútù ló pa irin yìí."

Ògúnbọ̀dé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Láṣebìkan, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Láti kékeré ni mo ti ń fínná, ìwọ nìkan ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ tìrẹ náà lè bàjẹ́."

"Àwẹ̀ró ló wà nínú agbọ̀n!"

Iwin náà ní kí Ògúnbọ̀dé máa mú aya rẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìkọ́. Ọwọ́ náà kò sì di òòlù mú mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa kí ẹni tó ń fínná fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú ọ̀rẹ́ dí yín lójú. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: iwin tó jí Àwẹ̀ró gbé ló dá a padà, ọ̀rẹ́ tó ti ń jẹun nílé rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sí ọ̀gbun.