Bí Ìnàkí Ṣe Gbé Gbẹ̀rì Bàbá Mi Wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí yín kú ìrọ̀lẹ́, mo kí yín kú ìsinmi, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu, nítorí ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́kúnmi, ọmọ Ọdẹ́tóyìnbó tí ó dojú ìbọn kọ ẹfọ̀n, tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà kí ó tó kú, ọmọ ọmọ Ọdẹ́rìnlọ́ tí ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀bọ ń já bọ́ láti orí igi bí òjò. Ní ìdílé tiwa, a kì í sá fún ejò, ejò ní ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé wa, a kì í sì í tẹríba fún ẹranko kankan, ìbáà ṣe erin.

Gbogbo yín ni ẹ mọ gbẹ̀rì tí mo wọ̀ yìí, ẹ̀wù ọdẹ tí bàbá bàbá mi rán, tí ó fi àdó àti ìwo àti awọ ẹkùn tò lára bí ilé agbọ́n. A kì í fọ gbẹ̀rì. Òógùn ìran mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀, bí mo bá sì gbé e kọ́ síta, ewúrẹ́ àdúgbò á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ ni ó ń jókòó sí àga olúọdẹ ìlú wa. Ọjọ́ tí ó bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àga náà bọ́ nìyẹn, a ó sì gbé e fún ìdílé Ọdẹ́jọbí, tí wọ́n ti ń fi ojú nu àga ọ̀hún láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ní ọdún tí ẹ̀yìn ń dùn mí, ọmọ mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, ní kí n lọ sinmi ní ilé àlejò kan tí wọ́n kọ́ sí àárín Igbó Ọ̀sándòru, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń tọ ipasẹ̀ ìnàkí lọ wò ó.

Mo ní, "Wíwò lásán?"

Ó ní, "Ẹ ó kàn wò ó ni, Bàbá mi."

"Bí mo bá wò ó tán ńkọ́?"

"Ẹ máa bọ̀ nílé."

Láti ìgbà tí ọdẹ ti ń wọ igbó, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kí èèyàn lọ kí ẹran nínú igbó kí ó sì padà, bí ẹni tí ó lọ sí ọjà lọ kí ata.

Mo lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní ọṣẹ. Wọ́n na àwọ̀n bo ibùsùn mi, mo sì bi wọ́n pé irú ẹja wo ni wọ́n fẹ́ fi èmi mú. Múníráàtù, ọmọbìnrin tí ó ń tọ́jú yàrá, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Mo bọ́ gbẹ̀rì kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo lọ wẹ̀, nígbà tí mo sì padà dé, ìṣó nìkan ni mo bá níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀wù mi dà?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mo ti bá yín fọ̀ ọ́. Ó wà lórí okùn lẹ́yìn ilé."

"Kí ni o fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ olóòórùn òdòdó ni. Ó ti ń ta sánsán."

Nígbà tí mo sáré dé ẹ̀yìn ilé, okùn ti dá wà, ipa ẹsẹ̀ ìnàkí, tí ó ní àtàǹpàkò bí ti ọwọ́, sì wà nínú ẹrẹ̀, ó dorí kọ inú igbó. Múníráàtù bú sẹ́kún. Mo ní kí ó dákẹ́, pé láti ìran mẹ́ta kò sí ẹranko tí ó lè sún mọ́ ẹ̀wù yẹn, òórùn rẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, òun Múníráàtù ni ó sì fi ọṣẹ lé ẹ̀ṣọ́ náà lọ. Kò jọ pé ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú.

Ní òwúrọ̀, Akíntìmẹ́hìn, amọ̀nà tí ó ń mú àlejò lọ wo ìnàkí, fún mi ní ìbòmú.

"Bàbá, ẹ fi bo ẹnu àti imú, kí ikọ́ èèyàn má baà ran ìnàkí. Ẹ má pariwo. Bí ó bá sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má wò ó lójú."

"Ìdílé wa kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹranko."

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀wù tí wọ́n yá mi ni mo wọ̀ jáde, aláràbarà kan tí wọ́n ya igi àgbọn sí láti ọrùn dé ìdí. Nígbà tí a dé abẹ́ igi àràbà ńlá kan, tí ìkùukùu bo ilẹ̀, ni àwọn iwin ará ibẹ̀ yọ sí mi, nítorí wọ́n rí i pé gbẹ̀rì kò sí lára mi: Ojú-lórúnkún, tí kì í wọ ṣòkòtò gígùn kí ó má baà fọ́jú, Aféteṣagboòrùn, tí ètè òkè rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń sá èlùbọ́ sí i lórí, Abìrùgbálẹ̀, tí ń fi ìrù gbá ọ̀nà igbó kí ilẹ̀ tó mọ́, àti Olórí-mẹ́rin, tí orí rẹ̀ kò tíì fẹnu kò sí ibi tí wọn yóò gbà láti ayé bàbá ńlá rẹ̀, tí koríko sì ti hù bò ó lẹ́sẹ̀.

Ojú-lórúnkún ní, "Ọmọ Ọdẹ́tóyìnbó, ìwọ nìyí? Mo rò pé aṣọ fèrèsé ni ó ń rìn bọ̀."

Mo ní, "Ojú-lórúnkún, bí o bá kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ, ṣé iyanrìn kì í kó sí ọ lójú?"

Aféteṣagboòrùn ní, "Ìnàkí ti di olúọdẹ. Lọ kí i kú oyè."

Mo ní, "Ká ètè rẹ nílẹ̀, òjò ń ṣú, èlùbọ́ ìyàwó rẹ kò tíì gbẹ."

Akíntìmẹ́hìn yíjú padà. "Bàbá, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ará ilé ni. Máa lọ."

A kò rìn jìnnà kí a tó rí àwọn ìnàkí. Bàbá wọn jókòó lórí gbòǹgbò, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju tèmi lọ, ó wọ gbẹ̀rì bàbá mi, àdó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ yí i ká bí ìgbìmọ̀. Kí n má purọ́, ó bá a mu jù mí lọ. Ó dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá wò ó lójú bí ọmọ bàbá mi, yóò gun igi lọ, gbẹ̀rì á sì bá a lọ títí ayé. Ìdí Ọdẹ́jọbí lórí àga bàbá mi ni mo rí lọ́kàn mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. N kò bẹ̀rẹ̀ bí Akíntìmẹ́hìn ti wí. Mo fi àyà lélẹ̀ gbalaja, nítorí bí èèyàn yóò bá kí àgbà, kí ó kí i dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kí ó dìde, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ́ ìnàkí ní ìyẹn. Mo wà nílẹ̀. Ìjàlọ wá kí mi. Bàbá náà dé, ó gbóòórùn orí mi, ó fi ìka kan ya irun mi wò, ewú inú rẹ̀ sì wù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u bí ẹni ń wá iná orí. Ṣùgbọ́n apá gbẹ̀rì ń dí i lọ́wọ́, àdó ń gbá a ní ìgúnpá. Ó bọ́ ọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìyá tí ó tú gèlè kí ó lè ráyè dirun fún ọmọ, ó gbé orí mi lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi ẹsẹ̀ fa ẹ̀wù náà títí ó fi dé abẹ́ mi. Nígbà tí irun mi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbá mi lórí pẹ́pẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Akíntìmẹ́hìn ní, "Bàbá, n kò rí i kí ó ṣe irú èyí fún ẹnikẹ́ni rí."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ àgbà méjì ni."

Báyìí ni mo ṣe wọ ìlú pẹ̀lú gbẹ̀rì lọ́rùn, tí wọ́n yin ìbọn, tí ará ilé Ọdẹ́jọbí yínmú tí wọ́n ní olúọdẹ ń rùn bí ìyàwó tuntun, tí èmi náà sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá dọ̀bálẹ̀ fún aràrá, tí a bá dìde, gíga wa ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn ju ìgbéraga yín lọ, ẹ fi àyà lélẹ̀ gbà á padà. Láti ọjọ́ náà, bí ọdẹ bá dọ̀bálẹ̀ níwájú àga mi, mo máa ń tètè ní kí ó dìde, nítorí mo mọ ohun tí ń bẹ nílẹ̀.