Lákanmí Sọ Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀bù di Itẹ́ Òkú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó ré oko kọjá, ó ré odò kọjá, ó balẹ̀ gbì ní ìlú Ìdí-Ìyeyè.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ní Ìdí-Ìyeyè, ẹni tó bá ní ilẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìlú lọ́dọọdún. Ẹni tó fi ilẹ̀ dá oko, agbọ̀n àgbàdo kan. Ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí tirẹ̀, ogún agbọ̀n, nítorí èrè ṣọ́ọ̀bù kì í dúró de òjò. Itẹ́ òkú kì í san nǹkan kan. Òkú kì í nájà. Àgbàdo yìí ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn olùkọ́, òun náà ni wọ́n ń tà láti fi tún òrùlé ilé-ìwé ṣe.

Opó kan wà níbẹ̀, Àṣàkẹ́ lórúkọ rẹ̀. Oko ilá bíńtín ló ní. Tayọ̀tayọ̀ ló ń san agbọ̀n tirẹ̀, torí Ànìkẹ́ ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé, ó sì ti ń kàwé fún ìyá rẹ̀ lẹ́bàá ààrò.

Lákanmí ńkọ́? Ilẹ̀ tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà. Ogójì ṣọ́ọ̀bù ló tò síbẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tí akódá baálẹ̀ wá gba ìṣákọ́lẹ̀, Lákanmí fa ewúrẹ́ kan lé e lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Akódá, itẹ́ òkú àwọn baba mi nibí. Ibòji ni mo kọ́ lé wọn lórí, kí oòrùn má baà pa wọ́n."

Akódá wo ṣọ́ọ̀bù, ó wo ewúrẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: itẹ́ òkú.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta. Àká ìlú ń gbẹ. Ni wọ́n bá ní kí àwọn àgbẹ̀ máa san agbọ̀n mẹ́ta-mẹ́ta. Síbẹ̀ kò tó. Olùkọ́ méjì di ẹrù wọn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan òjò dé, òrùlé ilé-ìwé ya lulẹ̀ gbàràgàdà! Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ti sá jáde. Ànìkẹ́ wọlé, omi ń ro tótótó lára rẹ̀.

"Ìyá mi, wọ́n ní ká má wá mọ́."

Àṣàkẹ́ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé itẹ́ òkú ni Lákanmí pe ilẹ̀ rẹ̀. Kò dúró wọ bàtà. Ó di ilé baálẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ìlú péjọ sí. Lákanmí náà wà láàárín wọn, ó ń jẹ obì. Àṣàkẹ́ figbe orin ta. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Lílé: Ogójì ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ kan ṣoṣo
Ègbè: Ẹ wá wò ó o!
Lílé: Lákanmí ní òkú ló ń sùn ńbẹ̀
Ègbè: Ẹ wá wò ó o!
Lílé: Òkú wo ní í wọn iyọ̀?
Ègbè: Ẹ wá wò ó o!
Lílé: Òkú wo ní í gbowó ọjà?
Ègbè: Ẹ wá wò ó o!
Lílé: Òjò ń pọmọ wa nílé-ìwé
Ègbè: Ẹ wá wò ó, ẹ gbà wá o!

"Lákanmí, kí lo rí sọ?" ni baálẹ̀ bi í.

"Itẹ́ òkú ni, baálẹ̀! Mo fi àwọn baba mi búra!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àṣàkẹ́ wí. "Bàbá onígbàjámọ̀, àlejò tó ń gbé láàárín wa, kú láàárọ̀ yìí. Kò ní ilé tí a ó sin ín sí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn baba Lákanmí."

Ìlú hó yèè. Wọ́n gbé òkú, wọ́n gbé ọkọ́, ó di ojú ọ̀nà ọjà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù ni wọ́n dúró sí. Kì! Kì! Kì! Ọkọ́ ń wọlẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ ẹrù mọ́. "Ta ni yóò tajà lórí òkú?"

Lákanmí sáré dé, fìlà rẹ̀ já bọ́. "Ẹ dúró! Ẹ má gbẹ́ ẹ! Ṣọ́ọ̀bù ni! Ṣọ́ọ̀bù mi ni o!"

Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ sọ ọkọ́ kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni baálẹ̀ wí. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Lákanmí san ọgọ́ta agbọ̀n, ti ọdún mẹ́ta gbáko. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akódá. Baálẹ̀ sin bàbá onígbàjámọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn àgbẹ̀ padà sí agbọ̀n kan, òrùlé sì padà sórí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ méjì yẹn kò padà wá. Ohun tí wọn ìbá ti kọ́ Ànìkẹ́, kò sí agbọ̀n tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Títí Àṣàkẹ́ fi darúgbó, bí ó bá pàdé Lákanmí lọ́nà, kì í kí i.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí rèé. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí iná má ràn lábẹ́ ìkòkò mi lọ́la. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí olóko san ti oko, kí oníṣọ́ọ̀bù san ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fi irọ́ bo ilẹ̀ rẹ̀ kó má baà san ẹ̀tọ́ ìlú, ìwé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń já gbà.