Ọ̀já Lábíyá Wúràọlá

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Ẹ bi Wúràọlá, ìyá ọlọ́mọ kan tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ obìnrin tí yóò gbá a fún ìlú wọn.

Bí ẹni ń la igi ìdáná ló ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, inú igbó sì ni bọ́ọ̀lù ń lọ.

"Ìyá Àkànjí, kí ni bọ́ọ̀lù ṣe fún ọ?" ni Bàbá Láníhùn, olùkọ́ wọn, wí. Ó ká ọ̀já tí Wúràọlá fi ń pọn ọmọ, ó ní kó gbé e kọjá àyà, kó há a mọ́ abíyá méjèèjì. "Ara ni kó o yí, má fi apá jà. Bí ọ̀já bá já bọ́, o tún ti ń lagi nìyẹn."

Àràárọ̀ ni Wúràọlá ń há ọ̀já mọ́ abíyá, tó ń yíra, tó ń fi ọ̀pá gbá afẹ́fẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù. Sìkírátù alájọgbé rẹ̀ a ní, "Ẹ wá wo ẹni tó ń na afẹ́fẹ́!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, bọ́ọ̀lù méjì péré ni wọ́n fún un. Ó gbọ́dọ̀ gbá ọ̀kan kọjá odò kó tó lè wọ ẹgbẹ́. Gbogbo agbára ló fi gbá àkọ́kọ́, ó sì kó sódò.

Ó yíjú sí Sìkírátù tó ń bá a gbé ọmọ àti ọ̀já. "Jọ̀ọ́, fún mi lọ́jàá yẹn."

Ó há a mọ́ abíyá níṣojú gbogbo èèyàn, ó mí kanlẹ̀, ó rọra yíra. Bọ́ọ̀lù fò kọjá odò. Ọ̀já ò já bọ́.

"Níbo lo ti rí irú agbára yẹn?" ni Sìkírátù kígbe.

"Agbára kẹ̀? Mo ti sọ ọ́ sódò pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́."